Ìjàpá páálí olóríkèé: ihò ń ya, apá òsì kì í gbéra

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni mo bá wá. Prámárì 3 ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé kan nítòsí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ mi sì jẹ́ 34. Nítorí Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tó ń bọ̀ ní 27 oṣù Karùn-ún, mo fẹ́ kí oníkálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe Ìjàpá páálí, irú èyí tí wọ́n ń fa okùn nísàlẹ̀ rẹ̀ tí apá àti ẹsẹ̀ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni wọ́n máa gbé dání pa àlọ́ fún àwọn òbí wọn.

Mo ti ṣe mẹ́ta dánwò, kò sí ọ̀kan tó dúró. Páálí Indomie ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Mo fi ẹnu pẹ́ńsù lu ihò, mo fi òwú so apá mọ́ ara. N ò tíì fà á tó ìgbà mẹ́wàá tí ihò èjìká fi ya dé etí. Kádíbọ́ọ̀dù funfun ti ilé ìtàwé ni mo fi ṣe èkejì. Ìyẹn ò ya, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún nìkan ló ń gbéra, tòsì kàn ń gbọ̀n ni. Ẹ̀kẹta ṣiṣẹ́ dáadáa lálẹ́ tí mo ṣe é. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo jí, ó ti wọ́, ó ká kò bí ewé gbígbẹ, apá lẹ̀ mọ́ ara pátápátá.

Mo ti wá irin onídẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń de ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì. Mo rí i ní Dùgbẹ̀, àmọ́ Ìjàpá kan máa lo mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ 136, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Bọ́tìnì ni mo fi ṣe ti àwọn ìbejì mi. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí abẹ́rẹ́ gba ojú bọ́tìnì kọjá nínú páálí lọ bá ojú bọ́tìnì kejì, kí ẹ padà wá so ó. Kẹ́ ẹ má fún un o. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, wọ́n ṣì ń fi ṣeré. Bọ́tìnì náà fẹ̀ ju ihò lọ, kò jẹ́ kí páálí ya.

Aránbàtà Dùgbẹ̀

Tíṣà, kì í ṣe òwú ló ya páálí yín, pẹ́ńsù ni. Ẹnu pẹ́ńsù kì í lu ihò, ṣe ló ń fọ́ páálí yíká. Kí òwú tó débẹ̀ rárá, etí ihò náà ti di àkísà. Ìlu ni kẹ́ ẹ lò, irú èyí tá a fi ń rán bàtà. Ẹ gbé páálí lé orí ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ fi ẹnu ìlu sí ojú àmì, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ máa yí i bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ títí á fi wọnú ọṣẹ. Ihò yẹn á rí róbótó, etí rẹ̀ á dán. Lẹ́yìn náà, ẹ yí páálí padà kẹ́ ẹ tún yí ìlu láti òdìkejì, kó lè gé ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ má sì lù ú sí etí. Bí kò bá jìnnà sí etí tó ìbú àtàǹpàkò àgbàlagbà, ó máa ya lọ́jọ́ kan ni.

Bọ́tìnì Ìyá Ìbejì dára fún ọmọ méjì. Fún ọmọ 34, tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, oríkèé mẹ́rin, bọ́tìnì méjì-méjì, 272 ni. Òwú tí wọ́n ta ní kókó ni mo máa gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, bá a sì ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá òwú tó nípọn, ẹ fi àbẹ́là ra á lára kó lè le kó má sì tú. Ẹ ta kókó ńlá sí ìdí rẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ní róbótó tó tóbi bí ojú bọ́tìnì, ìyẹn ni wáṣà yín. Ẹ wá tò wọ́n: kókó, wáṣà, apá, wáṣà, ara, wáṣà. Kókó ìkẹyìn ló ṣòro jù. Kẹ́ ẹ tó ta á, ẹ fi igi ìṣáná kan há àárín kókó àti wáṣà. Ẹ ta kókó náà mọ́ ara igi ìṣáná, kó le dáadáa, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa igi náà yọ. Àlàfo tó fi sílẹ̀ yẹn ni apá á máa fi mí. Ẹni tó bá ta kókó láìfi nǹkan kan há a, apá rẹ̀ máa gan ni.

Ìyá Ìbejì Bódìjà

N ò ronú kan 272 yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ tí Tíṣà bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú mẹ́jọ wá láti ilé ńkọ́? Kò sí ilé tí kò ní ẹ̀wù tó ti gbó. Ọwọ́ ọmọ ọdún méje kò lè ta kókó tẹ́ ẹ júwe yẹn, bàbá mi.

Ọmọ Àgbówó

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìdìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àgbówó, páálí ni mò ń bá jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ apá òsì tí kò gbéra ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó tíì dá Tíṣà lóhùn lórí ẹ̀.

Ìdí okùn ni kẹ́ ẹ wò. Apá ọmọlángidi yìí kò parí sí èjìká. Ó gbọ́dọ̀ kọjá èjìká díẹ̀ lọ sókè. Ẹ jẹ́ ká pe ibi tó kọjá yẹn ní orí apá. Orí apá yìí lẹ máa lu ihò kékeré sí, ihò òwú, yàtọ̀ sí ihò èjìká. Bẹ́ ẹ bá fa orí apá wálẹ̀, ọwọ́ á lọ sókè. Bí ẹni jókòó sórí igi jangirọ́fà ni, ìhín lọ sílẹ̀, ọ̀hún lọ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n máa ń lu ihò òwú sí òkè ihò èjìká gan-an, ní òró. Bẹ́ ẹ bá fa ìyẹn wálẹ̀, èjìká lẹ kàn ń fà, apá ò ní yí síbì kankan. Ihò òwú gbọ́dọ̀ ga ju ihò èjìká lọ, kó sì tún sún wá sí apá inú, sí ọ̀nà ọrùn. Èyí tí mo ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ara rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ihò òwú sì jìnnà sí ihò èjìká ní sẹ̀ǹtímítà kan péré. Bó bá súnmọ́ èjìká jù, fífà rẹ̀ á le. Bó bá jìnnà jù, ẹ máa fa okùn gígùn kí ọwọ́ tó lọ sókè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá so òwú ìdábùú láti orí apá ọ̀tún dé orí apá òsì. Kó nà, kó má fà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹsẹ̀. Okùn ìfà á wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín òwú ìdábùú apá, á gba àárín ti ẹsẹ̀, ẹ ta á ní kókó níbẹ̀, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà pé òwú ìdábùú Tíṣà dẹ̀ ní apá òsì, tàbí pé okùn ìfà kò sí ní àárín. Ọ̀tún ló ń gba gbogbo agbára.

Káfíńtà Òkè Àdó

Àbúrò mi Àgbówó ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ n ò gbà pé okùn ló fà á. Tíṣà ní tòsì “ń gbọ̀n”. Ohun tó ń gbọ̀n, okùn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan kan ló dì í mú. Oríkèé yẹn ló fún jù.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó so òwú kankan. Ẹ gbé ọmọlángidi náà dúró, ẹ fi ìka gbé apá sókè, ẹ jọ̀ọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi epo sí ìdí ẹ̀. Bí kò bá já wálẹ̀, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ okùn, ẹ tú oríkèé náà tún ṣe. Bó bá já wálẹ̀ tó sì ṣì lọ́ra, páálí ló fúyẹ́ jù. Ẹ lẹ páálí kékeré mọ́ ẹ̀yìn àtẹ́lẹwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n lè wúwo.

Ti páálí tó wọ́ ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo lẹ lẹ ìwé mọ́, ó dá mi lójú. Ìwé tútù ń na, bó bá ń gbẹ ó ń súnkì, á sì fa páálí tẹ̀ lé ara rẹ̀. Iṣẹ́ igi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá lẹ̀ mọ́ iwájú, ẹ lẹ irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi páálí sáàárín pátákó méjì, ẹ gbé odó tàbí búlọ́ọ̀kù lé e mọ́jú. Ẹ má sá a sóòrùn o, oòrùn á tún wọ́ ọ ni.

Àti pé páálí Indomie yẹn, kò burú. Inú rẹ̀ ní iṣan bí páànù ilé. Ẹ gé apá àti ẹsẹ̀ kí iṣan yẹn gba gígùn wọn lọ. Bó bá gba ìbú wọn, ìgúnpá á ṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ara lágbára gan-an, ẹ lẹ páálí méjì pọ̀, kí iṣan ti ọ̀kan dábùú ti èkejì. Gọ́ọ̀mù Top Bond tí wọ́n po omi díẹ̀ mọ́ ló dáa jù.

Ìyá Aládìrẹ

Káfíńtà, ẹ kú ọgbọ́n, àmọ́ Top Bond fún ọmọ 34, owó ni. Láfún wà nílé.

Láfún la fi ń ṣe ẹ̀kọ àdìrẹ, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣíbí méjì nínú ife omi tútù kan, ẹ pò ó kó má ní kókó. Ẹ gbé ife omi méjì kaná, bó bá hó, ẹ da èyí tẹ́ ẹ pò sí i, ẹ máa rò ó láìsinmi. Á kọ́kọ́ funfun, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n lára pé ó ti dì. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fún àdìrẹ, a máa ń fi álọ́ọ̀mù àti èròjà búlúù yẹn, copper sulphate, sí i. Fún ti àwọn ọmọ, ẹ má fi èròjà búlúù sí i rárá, májèlé ni. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ tó, kò ní jẹ́ kó tètè kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún fẹ́lẹ́. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń jẹ́ kí páálí rin, tí aáyán sì ń wá jẹ ẹ́ lóru.

Nǹkan mìíràn. Ẹ má gbàgbé Yánníbo! Ìjàpá kì í dá lọ nínú àlọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin ya àdìrẹ Ìbàdàn dùn sára ìró rẹ̀, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó tò láàárín àwòrán ṣíbí yẹn. Kò le láti yà, ìlà òró mẹ́ta-mẹ́rin ni, ọmọ Ìbàdàn tó bá sì rí i á mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà Òkè Àdó

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba láfún fún ìwé orí páálí. Fún páálí mọ́ páálí, Top Bond ni mo ṣì dúró lé, omi inú láfún pọ̀ jù, páálí onípele méjì lè pẹ́ kó tó gbẹ nínú òjò báyìí.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe gbogbo ẹ̀.

Káfíńtà ló jàre lórí apá òsì. Mo tú u, mo gbé apá náà sókè, mo jọ̀ọ́ rẹ̀, ó dúró sókè bí ẹni ń kí èèyàn. Kókó mi ló fún un pa. Mo lo igi ìṣáná bí bàbá aránbàtà ṣe wí, ó sì já wálẹ̀. Àmọ́ Ọmọ Àgbówó náà ò ṣìnà. Nígbà tí mo wo ihò òwú mi, òkè èjìká gan-an ni mo lù ú sí. Mo sún un wọlé, mo tún òwú ìdábùú so. Mo fa okùn ní ẹ̀ẹ̀kan báyìí, ọwọ́ méjèèjì lọ sókè pa pọ̀, mo pariwo tí ọmọ mi fi sáré wọ yàrá.

Láfún ṣiṣẹ́. Mo lẹ ìwé sí ojú méjèèjì, mo fi ọlọ tẹ̀ ẹ́, òjò tún rọ̀, kò wọ́.

Ìbéèrè kan tún kù. Ọmọ kan ní kíláàsì mi, ilé wọn wà ní Ọ̀jẹ́, ó ní eégún lòun fẹ́ ṣe, kì í ṣe Ìjàpá. Ó fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ máa fò sókè tí òun bá fa okùn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Ṣé kí n gbà á láàyè?

Bàbá Ọ̀jẹ́

Ọmọ mi, ẹ̀rù ò yẹ kó bà ọ́, ìṣọ́ra ló yẹ. Eégún tó ń jó, tó ń dá àwọn èèyàn lára yá, kò sóhun tó burú bí ọmọ bá yà á. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pè é ní Olóòlù. Obìnrin kì í wo Olóòlù ní Ìbàdàn, kíláàsì rẹ sì kún fún ọmọbìnrin, ìwọ fúnra rẹ sì ni tíṣà wọn. Jẹ́ kó ṣe eégún aláṣọ tí kò lórúkọ. Bi bàbá rẹ̀ léèrè náà kó tó bẹ̀rẹ̀, ilé wọn ló ni ín.

Bí o bá sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé iṣẹ́ okùn yìí kì í ṣe tuntun sí wa, sọ fún wọn nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìhà Kétu. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ère orí wọn ń mira, okùn ni ẹni tó gbé e ń fà lábẹ́ aṣọ.

Ọmọ Ìbàdàn ní Jámánì

Ẹ kú ilé o. Níbi tí mo wà yìí, Hampelmann ni wọ́n ń pe ọmọlángidi olókùn yìí, wọ́n sì ń fi igi àti páálí ṣe é. Ó gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1740, pantin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà gan-an ló ń fi ṣeré nígbà náà. Nígbà tó yá, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìlú Épinal, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, kí ọmọ gé e kó sì tò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kí Tíṣà mú níbẹ̀ ni ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ 34 ya Ìjàpá 34. Ẹ fi páálí líle gé pátánì kan bí àwọn télọ̀, kí ihò gbogbo ti wà lójú rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi pẹ́ńsù yí i ká. Ihò tó bá ṣì ní ìwọ̀n díẹ̀, apá á dàrú. Ẹ so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ìdí okùn ìfà, kí ọwọ́ ọmọ lè rí nǹkan dì mú.

Antí Nọ́sìrì

Mo gbà pẹ̀lú pátánì, àmọ́ fún ihò nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya ojú Ìjàpá. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí, mo ya gbogbo ẹ̀ fún wọn, nígbà tá a parí, kò sí ọmọ tó mọ tiẹ̀ mọ́, wọ́n ń jà.

Ẹ má fún wọn ní bíléèdì tàbí ìlu. Sísọ́ọ̀sì onímú róbótó ni fún wọn. Kí àwọn ọmọ kun ọ̀dà kí wọ́n tó to oríkèé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dà tó bá wọ inú oríkèé á lẹ̀ ẹ́ pa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àbẹ́là ra ojú páálí nítorí òjò, ẹ dúró kí ọ̀dà gbẹ tán. Mo fi àbẹ́là ṣáájú lọ́dún kan, ọ̀dà ò mú un, ó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí omi lórí ewé kókò.

Ti kókó tó le fún wọn: èmi fara mọ́ bọ́tìnì Ìyá Ìbejì, kí igi ìṣáná ti bàbá aránbàtà sì há a lábẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń so ó.

Tíṣà Mọ́kọ́lá

Bọ́tìnì àti igi ìṣáná, ó yé mi. Bàbá ọmọ Ọ̀jẹ́ yẹn náà ti fọwọ́ sí i, ó ní kó ṣe eégún aláṣọ, òun á fún un ní àkísà àǹkárá tí á máa fò. Ìlu nìkan ló kù tí n ò ní, ihò 272 sì ni mo fẹ́ lù fún oríkèé, láìka ti òwú.

Aránbàtà Dùgbẹ̀

Ẹ kó gbogbo páálí náà wá bá mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kẹ́ ẹ ti fi bírò fàmì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Àmì òwú, ẹ fi pupa. Àmì oríkèé, ẹ fi dúdú, torí ìlu wọn ò tóbi bákan náà. Ẹ má gbàgbé ọṣẹ ìfọṣọ méjì, ti ọ̀dọ̀ mi ti tán.